WITCH ti Sáḿbíà ti padà dé: ṣé báńdì náà ni, àbí orúkọ ló kù?

ỌmọÒkèFíà

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Mo fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ kan. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jà á títí lánàá, a ò rí ojúùtú ẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ WITCH, báńdì rọ́ọ̀kì ni, ọmọ Sáḿbíà ni wọ́n. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, agbára káká ni kí ẹ tó rí báńdì tó lókìkí tó wọn lọ́hùn-ún. Orúkọ wọn ní kíkún ni We Intend To Cause Havoc, bí ẹni ń sọ pé rúgúdù la wá dá sílẹ̀. Emmanuel Chanda ló ń kọrin, Jagari ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí Mick Jagger, olórin Rolling Stones. Chris Mbewe àti John Muma ń ta gìtá, Gedeon Mwamulenga wà nídìí báàsì, Boidi Sinkala wà nídìí ìlù. Wọ́n ṣe àwo Introduction, wọ́n ṣe In the Past, wọ́n ṣe Lazy Bones!! ní 1975. Nígbà tó yá Jagari kúrò, àwọn tó kù yí orin sí dísíkò, wọ́n ṣe Kuomboka ní 1984, lẹ́yìn ìyẹn kálukú bá tiẹ̀ lọ. Jagari gba ibi ìwakùsà lọ, ó ń wa òkúta iyebíye láti fi jẹun.

Kò pẹ́ kò jìnnà, ilé iṣẹ́ Now-Again ní Amẹ́ríkà tún àwọn àwo wọ̀nyẹn tẹ̀. Ní 2012 wọ́n kó wọn jọ sínú àpótí kan, ni àwọn òyìnbó tí etí wọn ń wá nǹkan àjèjì bá sọ WITCH di òrìṣà àkúnlẹ̀bọ. Wọ́n ṣe fíìmù nípa Jagari ní 2019. Ní 2023, WITCH gbé àwo tuntun jáde, Zango, àkọ́kọ́ láti ìgbà Kuomboka.

Ibi tí ìjà wà nìyí. Nínú àwọn márùn-ún tí mo dárúkọ, Jagari nìkan ló ṣẹ́kù láyé. Patrick Mwondela tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù nígbà dísíkò ti padà wá bá a. Ṣùgbọ́n Jacco Gardner tó ń ta báàsì báyìí, ọmọ Netherlands ni, wọn ò tíì bí i nígbà tí Lazy Bones!! jáde. Ṣé WITCH náà la máa pe èyí? Ọ̀rẹ́ mi ní jìbìtì ni. Èmi ò gbà, àmọ́ n kò rí àlàyé tó nítumọ̀ ṣe fún un.

Kò_sí_àbọ̀

Ọ̀rẹ́ rẹ gba. Ẹnì kan ṣoṣo kì í jẹ́ ẹgbẹ́. Kí bàbá kọ orúkọ ara wọn sí iwájú àwo, Jagari àti àwọn tó ń bá a ṣeré, ta ló máa bínú? Tí mo bá sanwó wá wo WITCH, gìtá Chris Mbewe ni mo sanwó fún. Tí Chris ò bá sí níbẹ̀, ẹ dá owó mi padà.

GìtáÀyètòrò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Èmi ń ta gìtá jẹun ni, Sátidé ní òde ìnáwó, Sọ́ńdè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti jókòó ti Lazy Bones!! yẹn, mo ń wá ọ̀nà tí wọ́n gbà ta á. Kì í ṣe pé ìka wọn yá jù. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé gìtá méjèèjì kì í dúró sójú kan náà. Ọ̀kan ń ta kọ́ọ̀dù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó mọ́ tónítóní, kò yàtọ̀ púpọ̀ sí báwa náà ṣe ń ta á níbí. Ìkejì gba inú fuzz kọjá, ìyẹn àpótí kékeré tí a máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀, ohùn ẹ̀ á wá máa ha, á máa ya, á fà gùn. Tí ẹ bá gbọ́ ọ nínú sípíkà tí kò dáa, ẹ ó rò pé sípíkà yẹn ló ti ya. Ìlù ò sì sáré bá wọn. Boidi ń rìn jẹ́jẹ́ lábẹ́ ariwo yẹn, bí ẹni pé kò gbọ́ wọn. Ibẹ̀ lọgbọ́n wà. Ọmọ ìlù tòní ni, tó bá ti gbọ́ ariwo, òun náà á fi tiẹ̀ kún un.

Mo ti gbọ́ Zango. Wọ́n wá ohùn fuzz náà débi tó yẹ. Ṣùgbọ́n ohun tó wù mí jù ni pé wọn ò ṣe ẹ̀dà ti àtijọ́. Sampa the Great, ọmọbìnrin Sáḿbíà tó ń ráàpù, wà nínú Avalanche of Love. Ẹni tó kàn fẹ́ jẹ orúkọ àtijọ́ kì í kó ara ẹ̀ sí irú wàhálà yẹn. Á kọ orin 1975, á gbowó, á lọ sùn.

Àbúrò_Ọláìyá

Ẹ wo ti Oasis kẹ̀, báńdì ìlú òyìnbó yẹn. Noel àti Liam, ọmọ ìyá kan náà, ìjà tú wọn ká ní Paris lóṣù kẹjọ 2009. Lóṣù kẹjọ 2024 wọ́n ní àwọn ti parí ìjà, nígbà tó di ọjọ́ kẹrin oṣù keje 2025, wọ́n gun orí ìtàgé ní Cardiff. Ìyẹn ló ń jẹ́ ìpadàbọ̀! Àwọn tó jà gan-an ló padà wá.

Kò_sí_àbọ̀

Àwọn Oasis tí wọ́n fi tíkẹ́ẹ̀tì da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú yẹn? Ọ̀pọ̀ ló tò sórí ìlà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pè ní nǹkan bí 148 pọ́n-ùn. Kó tó kàn wọ́n, ó ti di 355. Ẹni tó bá dán irú ẹ̀ wò ní Ọjà Ọba, tó bá fi dé ilé láyọ̀, kó dúpẹ́.

Àbúrò_Ọláìyá

😂😂 Ẹ̀gbọ́n yìí, ẹ ò kí ń jẹ́ kínú èèyàn dùn rárá.

Etí_ò_kún

Ẹ má fi Oasis dá ẹjọ́ yìí. Oasis kì í ṣe báńdì tí wọ́n gbàgbé. Ẹ wo Slowdive. Ìwé ìròyìn ìlú òyìnbó fojú wọn gbolẹ̀ nígbà yẹn, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo wọn jáde já wọn jù sílẹ̀ ní 1995, wọ́n bá tú. Wọ́n padà ní 2014, àwọn tó wá wò wọ́n sì ju àwọn tó ń wò wọ́n nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé lọ fíìfíì. Àwo tí wọ́n ṣe ní 2017 dáa dé góńgó.

Pixies náà, wọ́n tú ní 1993, wọ́n padà ní 2004. Kim Deal tó ń ta báàsì kúrò ní 2013. Wọn ò pa orúkọ náà tì, wọ́n gba ẹlòmíràn. Nísinsìnyí kí Kò_sí_àbọ̀ dá mi lóhùn: èèyàn mélòó ló gbọ́dọ̀ kúrò kí orúkọ tó bàjẹ́? Ọ̀kan? Méjì? Ta ló ń ka iye ẹ̀?

Kò_sí_àbọ̀

Tó bá ti ju ìdajì lọ, ó ti bàjẹ́. Mo ti kà á tán.

ÌyáÌbejì_Aládìrẹ

Ẹ kú ìjókòó o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè. Ẹ lọ sí Sáḿbíà, ẹ lọ sí Cardiff, ẹ wá fò ilé. Táyé àti Kẹ́hìndé Lijadu, ìbejì tó ń kọrin, ńkọ́?

Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè má mọ̀ wọ́n, àmọ́ orin wọn ń dún nínú ṣọ́ọ̀bù mi títí di òní. Wọ́n ṣe àwo Danger ní 1976, wọ́n ṣe Horizon Unlimited ní 1979. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé orin ìtura lásán ni, gìtá tó wà nínú Danger yẹn le. Wọ́n gba Amẹ́ríkà lọ, Kẹ́hìndé ṣubú ní 1996, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa, a ò gbúròó wọn mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àfi bí wọ́n ṣe jáde lójijì ní 2014, wọ́n ń kọrin pẹ̀lú àwọn olórin tó kóra jọ láti ṣe orin William Onyeabor, olórin ilẹ̀ wa. Mo wo fídíò yẹn, mo pariwo. Ọjọ́ tí mo ti ń retí nìyẹn.

Kẹ́hìndé kú ní oṣù kọkànlá 2019.

Ìbéèrè mi rèé o. Ká ní Táyé sọ pé òun fẹ́ jáde pẹ̀lú orúkọ Lijadu Sisters, ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti dá a dúró? Kò sí. Orúkọ rẹ̀ ni, ikùn ìyá wọn ló ti gbé e wá. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi ọmọ kékeré kan sípò Kẹ́hìndé, èmi ò ní lè gbọ́ ọ. Ohùn àwọn méjèèjì jọra débi pé téèyàn ò bá tẹ́tí dáadáa, á rò pé ẹnì kan ló ń kọ ọ́. Ẹ ò lè lọ wá ìyẹn lọ́jà. Èmi tí mo bí ìbejì, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Nítorí náà, mi ò mọ ẹ̀yìn ẹni tí mo wà nínú yín. Mo gbà pé ó lẹ́tọ̀ọ́, mo sì gbà pé n kò ní lọ.

ỌmọÒkèFíà

Mà, ẹ ti sọ ọ́ jù mí lọ. Ẹ ṣeun gan-an.

BabaRẹ́kọ́dù

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọgbọ́n. Ọmọ mi ló bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí, torí náà ẹ má bínú tó bá gùn.

Mo ṣì ní Chapter One ti BLO nílé, èyí tó jáde ní 1973. Berkley Jones, Laolu Akintobi, Mike Odumosu, ẹ rí i pé lẹ́tà orúkọ wọn ló di orúkọ báńdì. Jones àti Laolu ti bá Ginger Baker ṣeré nínú báńdì Salt kí wọ́n tó dá tiwọn sílẹ̀, Ginger Baker, onílù òyìnbó tó bá Fela ṣe àwo yẹn. Nígbà tí a bá ń gbé BLO sí i lórí ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ á máa fò, a óò wá fi kọ́bọ̀ kan lé orí ọwọ́ ẹ̀rọ náà kó lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kọ́bọ̀ yẹn á máa ha àwo. Tí ẹ bá gbọ́ tèmi lónìí, ariwo tó wà nínú ẹ̀, ìdajì ti BLO ni, ìdajì ti kọ́bọ̀. Ọmọ mi ní kí n jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà. Mo ní kó má dán an wò.

Nípa ọ̀rọ̀ yín: ní ìlú yìí, eégún ilé kan wà tí ó ń jáde láti ayé àwọn bàbá wa. Ẹ má jẹ́ kí n sọ ohun tí a kì í sọ. Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé ayé ń yí, àwọn àgbà ń lọ. Ǹjẹ́ ẹ gbọ́ rí kí ẹnikẹ́ni dúró lójú títì kó ní èyí kì í ṣe eégún ọjọ́ yẹn mọ́? Agọ̀ ṣì wà, oríkì ṣì wà, àwọn tó ń lùlù fún un mọ ìlù rẹ̀. Ohun tí a ń kí nìyẹn.

Mo rò pé bí Jagari ṣe wà níbẹ̀, tí orin sì wà níbẹ̀, WITCH ni.

Kò_sí_àbọ̀

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín, sà. Eégún tí ẹ wí yìí, ṣé ẹni tó bá wù ú ló ń gbé e? Ìdílé ló ni ín. Ìdílé á jókòó, wọ́n á pè, wọ́n á yàn. Ta ló jókòó ti WITCH? Ṣé àwọn ọmọ Boidi Sinkala wà níbẹ̀? Ìdílé Chris Mbewe ńkọ́? Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, tí nǹkan sì ń kàn wọ́n nínú ẹ̀, ẹjọ́ mi parí.

GìtáÀyètòrò

Ẹ̀gbọ́n ti kó ọ̀rọ̀ dé ojúlé báyìí.

Ọmọ_Títì_Stéṣọ̀n

Ẹ jẹ́ ká má lọ jìnnà. Ní títì Stéṣọ̀n ní Òṣogbo níbí ni Mbárí Mbáyọ̀, ilé àwọn òṣèré àti ayàwòrán, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Dúró Ládípọ̀ ló ni ilé yẹn, ibẹ̀ ni Twins Seven-Seven ti bá wọn ní 1964, ó jó, ó kọrin, ó wá di ayàwòrán tí gbogbo ayé mọ̀. Dúró Ládípọ̀ kú ní 1978. Ṣé ẹgbẹ́ òṣèré yẹn kú? Ìyàwó rẹ̀, Abíọ́dún, ẹni tó ń ṣe Ọya nínú Ọba Kò So, ló gbé e ró. Kò sí ẹni tó ní kì í ṣe ẹgbẹ́ Dúró Ládípọ̀, bẹ́ẹ̀ Dúró fúnra ẹ̀ ló ń ṣe Ṣàngó. Ká sọ tòótọ́, ta ló wá lè ṣe Ṣàngó lẹ́yìn ẹ̀? Wọ́n ṣáà rí ẹni ṣe é. Àwọn tó rí ti Dúró máa ń sọ pé kò sí bíi tiẹ̀. Àwọn tí kò rí ti Dúró pàtẹ́wọ́ fún tiwọn.

Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ yìí ò dá lórí iye orí. Ẹni tó wà nínú ilé nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, tó bá ṣì wà nínú ilé, ilé náà ni.

Kò_sí_àbọ̀

Abíọ́dún Dúró-Ládípọ̀ kò fìgbà kan kúrò. Jagari kúrò kí báńdì tó tú. Àwọn tó kù ló bá orúkọ yẹn débi Kuomboka. Ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Àtìpó_Lusaka

Ọmọ Òṣogbo ni mí, Lusaka ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ jẹ́ kí n là á díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ rò pé WITCH tú torí ìjà tàbí ìgbéraga.

Sáḿbíà gba òmìnira ní 1964. Kọ́pà ló gbé ìlú ró, owó wọlé, àwọn ọmọ ibi ìwakùsà rówó ra gìtá àti ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè. Ààrẹ Kaunda pàṣẹ pé orin ọmọ Sáḿbíà ni kí rédíò máa fi jù, àwọn èèyàn ní 95 nínú 100. Ìyẹn ló bí Zamrock, ìyẹn rọ́ọ̀kì Sáḿbíà, nítorí rédíò nílò orin, orin ò sì tíì pọ̀ nílẹ̀. Báńdì bíi Amanaz àti Ngozi Family bọ́ sójú ọpọ́n, WITCH ló ṣáájú wọn. Ní ìdajì ọdún 1970 sí 1979 yẹn, owó kọ́pà já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ogun ń jà ní Rhodesia, tó di Zimbabwe lónìí, Sáḿbíà gba àwọn ajàjàgbara sílé, bọ́ǹbù ń bọ́ sí wọn lórí. Wọ́n fòfin de ìrìn òru. Báńdì tó ń fi òru ṣeré jẹun, kí ló kù tí wọ́n máa jẹ? Àwọn báńdì sọ eré wọn di ti ọ̀sán.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni éèdì dé. Ẹ má fi ojú kékeré wò ó. Ó kó àwọn olórin ìran yẹn lọ bí ẹni ń ká àgbàdo, Sáḿbíà kò ríbi fi ojú sí. Àwọn tí ẹ ń wá nínú WITCH, ikú ló pa wọ́n, wọn ò bá ara wọn jà.

Tí ẹ bá sì ní àwọn òyìnbó ló ń ṣe é: Lusaka ni wọ́n ti gba ohùn Zango, kì í ṣe Amsterdam. Theresa Ng'ambi àti Hanna Tembo tó ń bá wọn kọrin, ọmọ Sáḿbíà ni. Mo wò wọ́n níbẹ̀. Bàbá Jagari gun orí ìtàgé, wọ́n fo sókè, ẹsẹ̀ ò mì. Àwọn ọmọ tó wà níwájú mọ orin àtijọ́ sórí, orin tí rédíò wọn ò fi mọ́ kí wọ́n tó bí wọn. Wọn ò bi ara wọn léèrè ta ló ń ta báàsì.

Etí_ò_kún

Ẹ kú àlàyé. N kò mọ ti ìrìn òru yẹn tẹ́lẹ̀.

Àbúrò_Ọláìyá

Ẹ̀gbọ́n Lusaka, ẹ fi fídíò ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́!

Akọ̀wé_Kóòtù

Ẹ jẹ́ kí n dá Kò_sí_àbọ̀ lóhùn lórí ìdílé, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun.

Nǹkan mẹ́ta ni ẹ lọ́ pọ̀ mọ́ra. Orúkọ báńdì, orin tí wọ́n kọ, àti ohùn tí wọ́n gbà sórí àwo. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tó lè ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí a bá fi òfin Copyright tiwa ti 2022 wò ó, orin tí èèyàn kọ jẹ́ tirẹ̀ títí tó fi kú, ó tún jẹ́ ti àwọn ajogún rẹ̀ fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú. Ohùn tó wà lórí àwo kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àádọ́ta ọdún láti ọdún tí wọ́n gbé e jáde. Nítorí náà, àwo tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 1973, tí kò bá sí ohun mìíràn nídìí ẹ̀, ẹ̀tọ́ orí ohùn yẹn ti tán nílẹ̀ yìí lópin 2023. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ tún un tẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ẹni tó kọ orin náà, tàbí àwọn ọmọ rẹ̀. Bàbá, ẹ sọ fún ọmọ yín.

Orúkọ báńdì wá yàtọ̀ pátápátá. Tí kò bá sí ìwé tí wọ́n jọ fọwọ́ sí, ìjà ni. Ẹ lọ bi àwọn báńdì jùjú àti fújì níbí, bí ọ̀gá bá kú, ọmọ á gbé e, àbúrò á gbé e, ẹni tó ń lu gángan á ní òun náà lẹ́tọ̀ọ́ sí i, a óò rí orúkọ kan lórí pósítà mẹ́ta. Mo ti rí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Kì í dùn ún wò. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá báńdì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì ń rẹ́rìn-ín síra yín. GìtáÀyètòrò, ìwọ ni mò ń bá wí.

GìtáÀyètòrò

Ọ̀gá, àwa tí a ò tíì rówó ra sípíkà tiwa, orúkọ wo la fẹ́ jà lé lórí 😅 Àmọ́ mo ti gbọ́. Á di kíkọ.

Kò_sí_àbọ̀

Mo ti ka ti Lusaka lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbà pé ikú kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ṣẹ́kù. Bí ẹni mẹ́rin bá kú, kò yẹ ká tún gba orúkọ lọ́wọ́ ẹni karùn-ún bí ìjìyà. Ìyẹn ni mo fi sílẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n mi ò yí padà lórí owó. Àwọn àwo àtijọ́ tí wọ́n tún tẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí gbogbo ayé mọ WITCH lónìí, gìtá Chris àti ìlù Boidi ló wà nínú wọn. Kí wọ́n máa fún ilé wọn ní tiwọn. Kí wọ́n kọ orúkọ wọn gàdàgbà sẹ́yìn àwo tuntun. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni n óò tó pè é ní WITCH láìfi ahọ́n lu ẹnu.

ÌyáÌbejì_Aládìrẹ

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n yìí le lẹ́nu ni, kò le nínú.

ỌmọÒkèFíà

Mo ti fi ọ̀rọ̀ Àtìpó_Lusaka han ọ̀rẹ́ mi. Kò dáhùn. Ó kàn ní kí n fi Zango ránṣẹ́ sí òun. Mo gbà á bí ìdáhùn.

Mo ní ìmọ̀ràn kan. Mo ní Lazy Bones!! àti Zango, méjèèjì lórí àwo. Sátidé tó ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ jẹ́ ká pàdé ní Òkè-Fíà, ká gbọ́ wọn tẹ̀lé ara wọn. Bàbá, ṣé ẹ lè gbé BLO yẹn wá, sà? Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ la ó fi gbé e. Àfi kí n tètè kìlọ̀: ìyàwó mi rí WITCH, ìyẹn àjẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, lójú páálí àwo, ó ti fi òróró pa ilẹ̀kùn. Kò sí wàhálà, mo ti ṣàlàyé fún un, ṣùgbọ́n òróró yẹn ṣì wà níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Àbúrò_Ọláìyá

😂😂😂 Mo ń bọ̀ dandan. Iná ńkọ́?

GìtáÀyètòrò

Iná ò ṣeé fọkàn tán. Mo ní jẹnẹrétọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé e sítòsí, ariwo ẹ̀ á bo fuzz mọ́lẹ̀. Ẹ wá wáyà tó gùn, ká gbé e sẹ́yìn fẹ́ǹsì. N óò gbé amplifáyà mi wá, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ dá a padà kí ilẹ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè tó mọ́.

BabaRẹ́kọ́dù

N óò wá. Ọmọ mi ló máa gbé mi. BLO á tẹ̀lé mi, àmọ́ èmi fúnra mi ló máa gbé e lé orí ẹ̀rọ, kò sí ẹni tó máa bá mi fọwọ́ kàn án. Mo ń mú kọ́bọ̀ mi dání.

Kò_sí_àbọ̀

Mo wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi Lazy Bones!! sí i o, àti iwájú àti ẹ̀yìn, ká gbọ́ Chris tán kí ẹ tó gbé èyí tuntun. Èmi ni n óò ra epo bẹntiróòlù.